Ọmọ tí a kò múra sílẹ̀ fún oko, bọ́ọ̀sì ni yóò máa ròyìn

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí bàbá ọmọ kan kọ sí yín lórí bí àwọn iléèwé ṣe ń kó ọmọ wẹẹrẹ lọ sí oko ẹran ọ̀sìn láàárọ̀, tí wọ́n á sì kó wọn padà lọ́sàn-án láìkọ́ nǹkan kan. Ó ní nígbà tí òun bi ọmọ òun pé kí ló rí lóko, èsì tó fọ̀ ni pé ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni òun jókòó sí, àti pé ọ̀rẹ́ òun bì sára aṣọ tíṣà. Bàbá náà wá ní kí wọ́n kúkú máa fi fídíò màlúù han àwọn ọmọ nínú kíláàsì, kí ọjọ́ iṣẹ́ má baà ṣòfò.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, torí òótọ́ ni ohun tó rí. Ibi tó fi ẹ̀bi rẹ̀ sí ni n kò bá a débẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa mú àwọn ọmọ iléèwé yí oko ká. Oko tí mo wà ní màlúù oníwàrà, ewúrẹ́, adìẹ tó ń yé ẹyin, àti ilẹ̀ àgbàdo díẹ̀. Kí bọ́ọ̀sì tó dúró tán ni mo ti máa ń mọ iléèwé tó múra ọmọ sílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó kàn kó ọmọ wá. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. "Àǹtí, ibo la ti máa tọ̀?" "Ìgbà wo la máa jẹun?" "Ṣé ajá yẹn máa ń géni jẹ?" "Ṣé wọ́n á wá mú wa padà lónìí?" Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí, ọmọ ọdún 5 ló sábà máa ń bi í, omi á sì ti lé ròrò sójú rẹ̀. Ọmọ tó ń rò ó bóyá òun á padà délé, ẹ wá fẹ́ kí n máa sọ fún un pé ikùn màlúù pín sí yàrá 4? Mo lè sọ ọ́ di alẹ́, kò ní wọ etí rẹ̀.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwọn onímọ̀ náà ti fi ìwádìí bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Lọ́dún 1978, John Falk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ 2 ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé bí a bá mú ọmọ lọ síbi tó ṣàjèjì sí i jù, iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ mú un lọ kì í wọ̀ ọ́ lára bó ṣe yẹ, nítorí pé ọkàn rẹ̀ ṣì wà lórí bí yóò ṣe mọ ibẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1994, Nir Orion àti Avi Hofstein ní Ísírẹ́lì fi hàn pé ọ̀nà 3 ni àjèjì náà pín sí: kí ọmọ má ní ìmọ̀ ohun tó fẹ́ lọ kọ́, kó má mọ ibi tó ń lọ, kó má sì mọ bí ọjọ́ náà yóò ṣe rí fún un. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n wò o, òkúta àti ilẹ̀ ni wọ́n sì lọ kọ́, kì í ṣe màlúù. Àmọ́ bí ojú ọmọ tó ti ń hu irùngbọ̀n bá lè fọ́ níbi àjèjì, ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín ńkọ́?

Èyí àkọ́kọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àwọn tíṣà wa gbájú mọ́. Wọ́n á kọ́ ọmọ ní orúkọ ẹran àti orúkọ ọmọ ẹran, wọ́n á kọrin, wọ́n á ya àwòrán. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ òròmọdìẹ yàtọ̀ sí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, tí kò mọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni yóò máa rò nídìí òròmọdìẹ.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn tíṣà fún ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ dá wá. Kí tíṣà rin ibi tí àwọn ọmọ máa rìn, kó fi fóònù rẹ̀ ya ẹnu ọ̀nà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibi tí a ti ń fọwọ́, ibi tí wọ́n máa jókòó sí jẹun, àti ojú èmi tí mo máa pàdé wọn. Kó gba ohùn nǹkan sílẹ̀ pẹ̀lú: bí màlúù ṣe ń ké, ariwo ẹ̀rọ tí a fi ń fún wàrà, ìgbà tí katakata bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáná. Tíṣà kan wà tó lẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ mọ́ ara ògiri ní títẹ̀léra, bí ọjọ́ náà ṣe máa lọ láti orí bọ́ọ̀sì dé orí bọ́ọ̀sì, tó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ìka tẹ̀ lé e láràárọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọbìnrin kékeré kan wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ ò dé fìlà yẹn lónìí." A ti di ojúlùmọ̀ kí n tó mọ orúkọ rẹ̀. Kò bi mí níbi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Òun gan-an ló ń júwe rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ohun kan wà tí àwòrán ò lè sọ, ìyẹn ni bí ẹran ṣe tóbi tó. Nínú ìwé, màlúù àti adìẹ lè gba ojú ewé kan náà, kí wọ́n sì tóbi bákan náà. Màlúù oníwàrà irú ti Holstein tó ti dàgbà lè ga tó nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀ ní èjìká, kó sì wọn kílò 600 sí 700. Kí tíṣà fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri níbi tí gíga yẹn dé, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ dúró nídìí rẹ̀. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á dákẹ́. Àwọn tó dákẹ́ yẹn ni kí tíṣà kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kó fi wọ́n sọ́dọ̀ àgbàlagbà tí ara wọn máa ń balẹ̀ sí lọ́jọ́ náà.

Òórùn náà ńkọ́? Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó wá pé oko ń rùn, ẹ má fi pa mọ́. Èyí tó ń ta èèyàn nímú nílé adìẹ, afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ammonia ni, ara ìgbẹ́ adìẹ tó ń jẹrà ló ti ń jáde. Ọmọ tó ti mọ̀ pé òórùn náà lórúkọ, á máa fi imú wá a kiri. Èyí tí kò gbọ́ nǹkan kan á di imú mú láti ẹnu ọ̀nà títí tí bọ́ọ̀sì á fi lọ, ọwọ́ tí ì bá fi kan irun ewúrẹ́ á wà nímú. Ẹ tún bá wọn sọ ọ́ pé a kì í pariwo "ó ń rùn o!" lójú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní tèmi, kò dùn mí. Ṣùgbọ́n èèyàn ni àwọn tó ń kó ìgbẹ́ lóko wa, wọ́n sì ń gbọ́.

Ẹ fún mi láyè díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀, Ọ̀gá Olóòtú, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Lọ́dún 2009, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn 93 kó àrùn E. coli O157 ní oko kan tó ń gba àlejò, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àrùn náà lè mú kí ọmọ máa ya ìgbẹ́ gbuuru ẹlẹ́jẹ̀, ó sì lè ba kídìnrín rẹ̀ jẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé ẹran tó gbé kòkòrò tó ń fa àrùn yìí sínú kì í sábà ṣàìsàn rárá. Ewúrẹ́ tí irun rẹ̀ ń dán, tó ń fò kiri, lè máa yà á jáde mọ́ ìgbẹ́. Nítorí náà, bí onílé oko bá ní ara ẹran òun dá ṣáṣá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́.

Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni o, kì í ṣe sanitáísà. Mo ń rí àwọn tíṣà tí wọ́n gbé ike sanitáísà dání, tí wọ́n ń ta á sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tí ìgbẹ́ ewúrẹ́ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ìdọ̀tí kì í jẹ́ kí nǹkan yẹn ṣiṣẹ́. Kòkòrò mìíràn tún wà tó ń jẹ́ Cryptosporidium, tó wọ́pọ̀ lára ọmọ màlúù, tí sanitáísà ọlọ́tí kò tilẹ̀ lè pa.

Iléèwé sì ni ó yẹ kí ọmọ ti kọ́ ọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa, níbi tí àwọn ọgbọ̀n mìíràn ti ń ti ara wọn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ po ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì mọ́ òróró díẹ̀, ẹ fi kun ọwọ́ wọn, ẹ ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń fọ̀ ọ́ nílé. Kí ẹ wá wo ibi tó ṣẹ́ kù. Àárín ìka ni, ẹ̀yìn ọwọ́ ni, àti àtàǹpàkò. Àtàǹpàkò tí wọ́n ń fọ̀ kù yẹn gan-an ni àwọn kékeré inú wọn ń mu! Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20, títí yóò fi mọ́ wọn lára. Lóko, wọ́n á fọ̀ ọ́ bí wọ́n bá ti kúrò nídìí ẹran, wọ́n á fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó fẹnu kan ohunkóhun, wọ́n á sì tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá bọ́ bàtà. Bàtà yẹn ni gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló tẹ ìgbẹ́ mọ́lẹ̀ láàárọ̀. Ẹ bá mi yẹ àpò wọn wò lórí bọ́ọ̀sì pẹ̀lú, torí ọmọ tí súìtì wà lápò rẹ̀ á jẹ ẹ́ nídìí ẹran, ká tó yíjú.

Kí ìwé tí iléèwé máa kọ sílé sọ fún òbí pé àmì E. coli yìí sábà máa ń gba ọjọ́ 3 sí 4 kó tó yọ, ó sì lè tó ọjọ́ 10. Bí inú bá ń run ọmọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí dókítà ń bèèrè ohun tó jẹ, kí òbí rántí sọ pé ó lọ sóko.

Iṣẹ́ mìíràn tí mo fẹ́ kí wọ́n fi dánra wò níléèwé ni ìrìn. Ojú màlúù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó ń rí fẹ̀ẹ̀ jù wá lọ, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tààrà, ẹni yẹn ni ó sì ń ta nípàá. Kí ọmọ kan ṣe màlúù láàárín kíláàsì, kí àwọn yòókù máa wá ibi tí kò ti lè rí wọn, kí wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ wá, tí a ó máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kó lè mọ̀ pé a ń bọ̀. Eré ni lójú wọn, wọn kì í gbàgbé rẹ̀. Ti adìẹ tún le ju ìyẹn lọ. Bí ọmọ 30 bá kígbe lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ, àwọn adìẹ lè sá lọ sí kọ̀rọ̀ kan, kí wọ́n gun ara wọn lórí, kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ kú nítorí wọn kò rí èémí mí. N kò sọ èyí láti fi dẹ́rù ba ọmọ o. Nígbà tí mo bá ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, ńṣe ni wọ́n máa ń fi ìka lé ẹnu fún ara wọn.

Ẹ tún bá wa bèèrè lọ́wọ́ wọn ta ló ń sin adìẹ nílé. Àìsàn adìẹ tí wọ́n ń pè ní Newcastle lè tẹ̀ lé bàtà ọmọ wọlé sọ́dọ̀ wa. Ìdí nìyẹn tí omi apakòkòrò fi wà lẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ, tí a ní kí gbogbo ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó tó wọlé. Ọmọ tó bá gbọ́ èyí tẹ́lẹ̀ kì í fo omi náà.

Wàyí o, ìwé iṣẹ́. Mo mọ̀ pé inú àwọn tíṣà kan kò ní dùn sí mi. Àwọn ìwé olójú ewé 4 tí ẹ ń kó lé ọmọ lọ́wọ́, tí wọ́n á máa kọ ìdáhùn sí àlàfo, ìwé náà ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ẹran. Pẹ́ńsù á bọ́ sínú ìgbẹ́, ọmọ á mú un, á tún tì í bọnu. Ìbéèrè kan ṣoṣo ti tó ọmọ kan. Kó jẹ́ èyí tí yóò fi ojú ara rẹ̀ wá ìdáhùn sí, kó sì ti sọ èrò rẹ̀ níléèwé, kí tíṣà kọ ọ́ sórí pátákó mọ́ orúkọ rẹ̀. Eyín iwájú òkè màlúù dà? Orí ọmú mélòó ni màlúù ní, mélòó ni ewúrẹ́ ní? Báwo ni ọmọlójú ewúrẹ́ ṣe rí? (N kò ní sọ ti ewúrẹ́ fún yín, ẹ lọ wò ó.)

Ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n fún ní ìbéèrè yìí: bí màlúù tó dùbúlẹ̀ bá fẹ́ dìde, ṣé iwájú ló máa kọ́kọ́ gbé ni àbí ìdí? Ó ti sọ níléèwé pé iwájú ni. Ó dé, ó rí màlúù kan tó dùbúlẹ̀, tó ń jẹ àpọ̀jẹ, ó dúró tì í. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo òròmọdìẹ, ó ní òun ò lọ. Màlúù lè fi nǹkan bíi wákàtí 8 jẹ àpọ̀jẹ lójúmọ́, mo sì ti ń ronú bí mo ṣe máa pàrọwà fún un. Ó ń wo bí ẹnu màlúù náà ṣe ń lọ sọ́tùn-ún sósì, ó ń wo bí nǹkan kan ṣe ń ti ọ̀fun rẹ̀ gòkè wá, ó bi mí pé kí nìyẹn, mo ní oúnjẹ tó ti gbé mì tẹ́lẹ̀ ló ń pọ̀ jáde tún jẹ. Ó fajú ro, ó sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, màlúù náà fi orúnkún iwájú tẹlẹ̀, ó gbé ìdí sókè, ó wá na ẹsẹ̀ iwájú. Ọmọ yìí kò pariwo, torí wọ́n ti kọ́ ọ. Ó fa aṣọ mi, ó sọ ọ́ sí mi létí: "Ìdí ni." Ìdáhùn tirẹ̀ ti já sí irọ́, síbẹ̀ n kò rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó o lọ́jọ́ yẹn.

Ìbéèrè kan tún wà tí àwọn àgbàlagbà kì í fẹ́ kí ọmọ bi mí. "Ṣé ẹ máa pa á?" Tíṣà á yára fa ọmọ náà sẹ́yìn, á ní kó lọ wo ewúrẹ́. Mo máa ń dáhùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a máa pa àwọn kan nínú wọn, ìdí tí a fi ń sìn wọ́n nìyẹn, a sì ń tọ́jú wọn dáadáa títí ọjọ́ náà á fi dé. Ọ̀pọ̀ ọmọ á mi orí, wọ́n á bi mí ní nǹkan mìíràn. Díẹ̀ á sunkún. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń béèrè pé ọmọ màlúù tó ń fúnni ní wàrà dà, nígbà tí mo bá sọ pé màlúù tí kò bímọ kò lè ní wàrà. N kì í parọ́ fún wọn, mo sì fẹ́ kí iléèwé sọ fún àwọn òbí ṣáájú pé irú ìbéèrè yìí á wáyé, pé òótọ́ ni ọmọ wọn máa gbọ́. Òbí tó bá fẹ́ kó jẹ́ ẹnu òun ni ọmọ òun ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, á ráyè sọ ọ́ nílé lálẹ́.

Ti oògùn kò gùn. Ọmọ tó ní ikọ́ fée (asthma), ọmọ tí oró oyin tàbí eruku koríko máa ń dá lára wú, kí oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ àgbàlagbà tó dúró tì í, kó má wà nínú báàgì lórí bọ́ọ̀sì. Àwọn òbí tó bá tẹ̀ lé wọn wá, kí a dárúkọ àwọn ọmọ tí olúkúlùkù ń ṣọ́ fún un. "Gbogbo wa là ń ṣọ́ gbogbo wọn" ni ọmọ fi ń bọ́ sẹ́yìn katakata, níbi tí ojú ẹni tó ń wà á kò dé.

Bàbá wa tó kọ lẹ́tà ní kí a fi fídíò rọ́pò oko. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo fídíò náà, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, kí ẹnu yà wọ́n tán nílé. Bí iléèwé ọmọ yín bá tún fẹ́ lọ, bàbá, ẹ bá mi bi tíṣà bóyá ó ti dé oko náà rí. Bó bá ní rárá, ẹ sọ fún un pé kó pe oko náà, kó ní òun ń bọ̀ wá wo ibẹ̀. Oko tó bá ní kó má wulẹ̀ wá, pé kó kàn kó ọmọ wá lọ́jọ́ ẹskọ́ṣọ̀n, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín jókòó sílé lọ́jọ́ náà.

Èmi ni tiyín,
Àǹtí tó ń mú ọmọ iléèwé yí oko ká